Èsì: Golf GTI Mk7, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àbúrò, o ní Golf GTI Mk7 onígíà ọlọ́wọ́, agbára ẹṣin 220, o fẹ́ kó sún mọ́ 300, o sì ń bèèrè bóyá páìpù èéfín ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀. Má ì tíì ra páìpù kankan jàre. Ariwo ló máa fi kún un jù. ECU, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Remap Stage 1, ìyẹn títún ètò inú ECU ṣe, lórí tọ́bò IS20 tó bá a wá (tọ́bò ló ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì), lè gbé e dé nǹkan bí 290, bó bá jẹ́ epo 99 RON lò ń rà (RON ni òṣùwọ̀n bí epo ṣe ń dènà kí ó gbiná ṣáájú àkókò). Bó bá jẹ́ 95 ni, sọ fún ẹni tó máa ṣe é, kó ṣe é fún 95.

Ibi kílọ́ọ̀ṣì, tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, gan-an lọ̀rọ̀ wà. 350 Nm ni agbára ìyípo tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbé jáde láti ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn remap, ó lè ju 400 lọ, kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ò sì ní lè gbà á pẹ́. Dán an wò báyìí: fi í sí gíà kẹrin, ní nǹkan bí 2,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kí o wá tẹná mọ́lẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ rpm bá fò sókè tí eré ọkọ̀ ò tẹ̀ lé e, ó ti ń yọ̀ nìyẹn. Owó kílọ́ọ̀ṣì ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú.

Pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, kí o sì yẹ wọ́tà pọ́ǹpù wò. Ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ ọ́n jò níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lo wà, sọ fún àwọn oní-inṣọ́ránsì rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn ìjàǹbá, wọ́n lè kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò sanwó.