Wọ́n lé bàbá wa kúrò ní Gánà ní 1969: ṣé a ṣì lè pe ìjọba lẹ́jọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àjèjì ní 1969, a fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀, a wá sílé. Bàbá ti dolóògbé, ṣùgbọ́n ìwé ilé náà wà lọ́wọ́ mi. Ṣé a ṣì lè pe ìjọba Gánà lẹ́jọ́? Ta ló yẹ kó dáhùn fún ohun tójú wọn rí?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín: ẹjọ́ lórí lílé yẹn fúnra rẹ̀ ti le gan-an báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá ìwé yẹn padà sínú àpótí.

Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba K. A. Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde. Ọ̀pọ̀ ló ti lo ogún ọdún níbẹ̀ láìsí ẹni tó bi wọ́n ní ìwé rí. Àwọn mìíràn ò mọ ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ẹ sì mọ bí owó oníṣòwò ṣe rí. Kì í gbé inú àpò, ọwọ́ àwọn tó rajà láwìn ló wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tó láti gba gbèsè ọjà kan, ká má tíì sọ ti títa ilé. Mo gbà pé àdánù yẹn gan-an ni ìwà àìdáa tó ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó pàṣẹ mọ̀ pé àkókò náà kò tó.

Kí ló dé tí ẹjọ́ náà fi le? Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ka lílé àjèjì lọ́pọ̀ yanturu léèwọ̀. Abala 12 rẹ̀ sọ pé èyí ni lílé tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn kan. Ọ̀rọ̀ náà bá ti bàbá yín mu rẹ́gí. Àmọ́ 1981 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, Gánà sì wọlé sínú rẹ̀ ní 1989. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í padà sẹ́yìn mú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ ilé yàtọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà, abala 266, sọ pé ilẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà bá ní pátápátá lọ́jọ́ 22 oṣù kẹjọ 1969 ti di ilẹ̀ àyálò fún 50 ọdún láti ọjọ́ yẹn. Àyálò tó bá sì kù ju 50 ọdún lọ nígbà náà, wọ́n gé e sí 50. Ẹ ṣírò rẹ̀: 2019 ló parí. Bí bàbá kò bá ti jẹ́ ọmọ Gánà, ìwé ọwọ́ yín ti tán lójú òfin, bó ti wù kí òǹtẹ̀ rẹ̀ tàn tó. Ìyẹn dùn mí láti kọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì ni pé: ọmọ ibo ni ìyá yín? Bó bá jẹ́ ọmọ Gánà, tàbí tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti gba ìwé ọmọ onílùú, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ilé náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ tún wádìí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Òfin Gánà fún ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà ní ọdún 12 láti pẹjọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ alábòójútó tí bàbá yín fi síbẹ̀ ló wà níbẹ̀, a lè bá ilé ẹjọ́ jiyàn pé ọjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka.

Ẹ má rò pé ìjọba kì í dáhùn rárá o. Ní 1989, Mọriténíà lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn dúdú tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, Fúlàní pọ̀ nínú wọn, sọdá odò lọ sí Senegal. Wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó sọdá. Ní 2000, Ìgbìmọ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dá ìjọba náà lẹ́bi, ó ní kí wọ́n dá ìwé àti ẹrù wọn padà. Ó di 2007 kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ìpadàbọ̀. Láàárín 2008 sí 2012, nǹkan bí 24,000 èèyàn padà sílé. Ó pẹ́, kò sì kárí, ṣùgbọ́n ìjọba dáhùn. Uganda náà ṣe òfin ní 1982 láti dá ilé padà fún àwọn ará Éṣíà tí Idi Amin lé ní 1972.

Ó tún yẹ ká sọ ọ́ jáde pé ìjọba tiwa náà pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní 1983, ó fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá fẹ́ kí Gánà tọrọ gáfárà, àwa náà jẹ wọ́n ní tiwọn. Mo rò pé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ẹbí láti ìlú méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí á rìn jìnnà ju ẹjọ́ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń kojú irú èyí lónìí ní orílẹ̀-èdè ECOWAS, kó má ṣe dúró. Láti 2005, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ parí ti kóòtù ìlú.

Ní tiyín, bí màmá bá wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀: orúkọ àdúgbò, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹni tó jẹ bàbá lówó. Ẹ kọ ọ́, kí wọ́n búra sí i ní kóòtù, kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé ilé, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún mi ibi tí wọ́n ti bí màmá.