Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ Mẹ́ta ní Abẹ́òkúta fún Tọkọtaya Tí Kò Kánjú

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, òkun o. Iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi àti ìyàwó mi ṣe ní Kàbbà títí a fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti kúrò nílé ni a ti ń pinnu láti lọ wo Abẹ́òkúta, ìlú tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìtàn rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ní. Èmi fẹ́ kí a rí Olúmọ, Aké àti ibi ìkówèésí Ọbásanjọ́, kí a sì yà sí Èkó ní ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní òun kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé káàkiri. Orúnkún ń dùn ún, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè dé orí àpáta náà. Ọmọ Ògìdì ni, ìdí òwú àti aró ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ó ní kí n bá òun béèrè bí a ṣe ń dá ojúlówó àdìrẹ mọ̀ ní ọjà Ìtòkú. (Bàbá Ìbejì, Kàbbà)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, òkun o. Lórí ọ̀rọ̀ Èkó, ẹ̀yìn ìyàwó yín ni mo wà. Ẹni tí ó bá gbéra ní Kàbbà, tí ó gba Ìyámoyè bọ́ sí Ọ̀mùò, tí ó la Èkìtì já sí Iléṣà kí ó tó kan Ìbàdàn, ti lo ọjọ́ kan gbáko lójú ọ̀nà, ọ̀nà náà kì í sì í ṣe èyí tí a ń fi òru rìn lásìkò yìí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sùn ní Ìbàdàn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, dípò kí ẹ tún há ara yín mọ́ inú bọ́ọ̀sì, ẹ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 láàrin Èkó àti Ìbàdàn gba Abẹ́òkúta kọjá, ibùdókọ̀ Ládèrin, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n bí sí ìlú náà pè, ni ẹ ó sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í pọ̀ lóòjọ́, nítorí náà ẹ wádìí àkókò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi ilé sílẹ̀.

Abẹ́òkúta àtijọ́ tí ẹ̀yin ń fẹ́ rí kò fẹ̀ rárá. Olúmọ, Ìtòkú, Sápọ́n àti Aké, ìtòsí ara wọn ni gbogbo wọn wà, ẹni tí ó bá sì ń fi mọ́tò sáré láti ọ̀kan dé èkejì kò ní rí ju sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ lọ. Ẹ yá ilé ìtura ní apá Ìbarà tàbí Òkè-Ìlẹ̀wọ́, kí ẹ máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wọ àárín ìlú láàárọ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ bí orúnkún bá ṣe gbà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọjọ́ mẹ́ta yín ní Abẹ́òkúta, láìka ọjọ́ ìrìn-àjò, Olúmọ nìkan ti tó. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú òkúta gbóná. Lífíìtì wà níbẹ̀, ara àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ibẹ̀ ní 2006 ni, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ẹ sì ti béèrè rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó sanwó wọlé. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ìyọnu. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn ti ìyàwó yín gun àtẹ̀gùn náà dé òkè, nítorí pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi kò sí lórí rárá. Abẹ́ àpáta ló wà, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ kó dé ní nǹkan bí ọdún 1830 fara pa mọ́ sí. Òrùlé ibẹ̀ kò ga, ẹ ó tẹ̀ ba kí ẹ tó lè wọ ibi tí wọ́n ń sùn, ẹ ó sì rí àwọn kòtò kéékèèké nínú ilẹ̀ àpáta gan-an, níbi tí wọ́n ti ń lọ ohun tí wọ́n máa jẹ. Kí ìyàwó yín jókòó síbẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ òkè gùn ún lọ wo odò Ògùn àti òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Láti òkè yẹn ni ìtàn ogun Dàhòmì tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ yóò ti yé yín sí i: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọlu ìlú yìí, ní 1851 àti 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì pẹ̀yìn dà.

Ọjọ́ kejì di ti Aké. Ìjọ Pétérù Mímọ́ wà níbẹ̀, èso iṣẹ́ àwọn ajíhìnrere Henry Townsend àti Àjàyí Crowther tí wọ́n dé láti dó sí ìlú náà ní 1846. Ọdún yẹn gan-an ni Crowther tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n. Ará Kogí ni yín, ẹ kò ní ṣàì mọ̀ pé Crowther yìí kan náà ni ó dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, níwájú Lọ́kọ́jà. Townsend ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní ìlú yìí ní 1859, àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn Yorùbá lónìí sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹ yọjú sí gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ nígbà tí ìlú náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1930, kí ẹ sì dúró díẹ̀ níwájú ààfin. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ọjà, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, wá jókòó tì ní 1947 nítorí owó orí, ìjàkadì náà kò sì rọlẹ̀ títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949, kí ó tó tún padà ní 1950.

Ibi ìkówèésí Ọbásanjọ́ wà ní Òkè-Mosàn, ó jìnnà díẹ̀ sí ìlú àtijọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn ìjọba yóò gbádùn ilé ọnà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ fò ó.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀yin ará Òkun tí iyán ti mọ́ lára, ẹ má wá iyán lọ síbẹ̀. Láfún àti ewédú ni kí ẹ jẹ, àti ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọ́n pọ́n sínú ewé pẹ̀lú ata díndín. Òórùn rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣe yín bákan. Ẹ fara dà á títí ẹ ó fi jẹ òkèlè kejì.

Màmá, ọ̀rọ̀ yín ló kù, Ìtòkú sì ni kí ẹ fi ọjọ́ kẹta ṣe. Ẹni tí ó ti ìlú Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ nì, wá kò nílò kí a kọ́ òun ní aró, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí lórí àtẹ kì í ṣe aró ẹlú mọ́. Kàmpálà tí wọ́n fi àbẹ́là àti aró òyìnbó ṣe ló pọ̀ jù, òun náà sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí ó yẹ kí ẹ sá fún ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára. Ẹ yí aṣọ náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àdìrẹ oníko (èyí tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó pa á láró) àti kàmpálà máa ń jọra níwá lẹ́yìn, nítorí pé aró ti wọ inú òwú. Ti ẹlẹ́kọ yàtọ̀: ojú kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà àwòrán lè má hàn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà yóò mu aró kíkankíkan. Ti ẹ̀rọ ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣì, tí ó funfun bí ẹni pé aró kò dé ibẹ̀. Ẹ tún wo àwòrán tí ó bá jọ ara rẹ̀ geerege láti igun kan dé èkejì, tí kò sí èyí tí ó tóbi ju èkejì lọ: ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ná ọjà náà láìtijú, kí ẹ sì béèrè irú aṣọ tí wọ́n pa láró, nítorí owó aṣọ gínnì àti owó aṣọ òwú lásán kò lè dọ́gba. Bí ẹ bá délé, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù tí ẹ bu iyọ̀ sí, kí ẹ má ṣe fún un, kí ẹ sì sá a sí abẹ́ ibòji.