Ṣé àwa mẹ́rin lè jọ lo GPU kan ṣoṣo lórí cloud?

Ẹ lè jọ lò ó dáadáa. GPU ni káàdì ìṣirò alágbára inú kọ̀ǹpútà; cloud sì ni kọ̀ǹpútà tí a ń háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí kálukú yín ní Wuse ṣe ń dá san dọ́là GPU tirẹ̀ yẹn, òfò ni: níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì wà ní títàn, mítà ń ka owó, ẹ ṣiṣẹ́ o, ẹ ò ṣiṣẹ́ o.

Èyí tó rọrùn ni time-slicing, ìyẹn pínpín àkókò. Iṣẹ́ yín á máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ara wọn, bí àwọn tó tò sídìí ẹ̀rọ omi. Àmọ́ kò sí ògiri láàárín mẹ́mórì yín. Bí ẹnì kan bá kó ẹrù ńlá wọlé, iṣẹ́ àwọn yòókù lè dákú. Èmi fara mọ́ MIG (Multi-Instance GPU) jù, ọ̀nà gígé GPU kan sí wẹ́wẹ́ tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé jáde pẹ̀lú GPU rẹ̀ tó ń jẹ́ A100 lọ́dún 2020. Ó lè gé káàdì kan sí ọ̀nà 7, ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mẹ́mórì tirẹ̀. Lórí A100 oní-40GB, ègé tó kéré jù ní 5GB. T4, GPU NVIDIA mìíràn, kò ní MIG o, ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú rẹ̀ tàn yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ módẹ́ẹ̀lì AI ńlá, 5GB ò lè gbé e. Ẹ yáa pín wákàtí láàárín ara yín. Kí ẹni tó bá ṣe tán sì pa ẹ̀rọ kó tó lọ jẹ súyà.