Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u ká, kí wọ́n tún un ṣe: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ dá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa: wọ́n ní kí ẹ fi ọjọ́ méjì dá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe máa mú iṣẹ́ ẹnjiníà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ inú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́. Owó díẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ irú róbọ́ọ̀tì tó yẹ kí ẹ rà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Mo ti dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, mo sì ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn lẹ́yìn ìgbà náà láti wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ohun tí a jọ ṣe. Èyí tó ká mi lára jù lọ nìyí: ẹ fi ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì sílẹ̀ ná. Ohun tó yẹ kó gba àkókò yín jù ni ìgbà kejì, ìyẹn ìgbà tí olùkọ́ máa tú ohun tó kọ́kọ́ ṣe ká, tí á tún un ṣe nítorí ohun tó rí nígbà tó dán an wò.

Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ irú èyí máa ń dùn. Wọ́n á pín àwọn olùkọ́ sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, wọ́n á fún wọn ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti téèpù, wọ́n á ní kí wọ́n kọ́ ilé gogoro. Ariwo á sọ, àtẹ́wọ́ á dún, wọ́n á ya fọ́tò. Bí olùkọ́ yẹn bá padà dé kíláàsì rẹ̀, ohun tó rí náà ló máa ṣe. Àwọn ọmọ á kọ́ ilé gogoro, tàwọn kan á wó, ẹgbẹ́ tí tiwọn ga jù á gba àtẹ́wọ́, aago á lù. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ibo ló ti kọ́kọ́ yẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀, kí ni wọ́n máa yí padà. Inú àwọn ọmọ dùn lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló kọ́, á ní àwọn kọ́ ilé. Mo ti rí èyí léraléra, ó sì máa ń dùn mí, torí olùkọ́ ọ̀hún kò ya ọ̀lẹ rárá. Ohun tí a fi hàn án ló ṣe.

Lọ́dún 2012, National Research Council, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tó fi iṣẹ́ ẹnjiníà sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé Next Generation Science Standards ti 2013 kà, ìyẹn ìlànà ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìlànà 2013 yẹn pín iṣẹ́ náà sí: kí a sọ ohun tó jẹ́ ìṣòro gan-an àti ààlà tó yí i ká, kí a wá oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbé e gbà, kí a dán wọn wò, kí a sì mú èyí tó dáa dáa sí i. Ẹ̀kẹta yẹn ni wọ́n máa ń gé kúrò bí àkókò bá ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti nílò sáyẹ́ǹsì. Nígbà àkọ́kọ́, ó lè fojú díwọ̀n. Nígbà kejì, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi yí nǹkan padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí mo máa ń lò jù wá, òòfà oníná. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ́ ọ ni pé kí a wé wáyà mọ́ ìṣó, kí a so ó mọ́ bátìrì, kó gbé pínnì, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wáyà bá ṣe yí ìṣó po tó ni agbára òòfà ṣe ń pọ̀ tó. Ó parí. Èmi a máa sọ ọ́ di iṣẹ́ fún àwọn olùkọ́ báyìí: ẹ ṣe ohun tó máa gbé ogún pínnì nínú àwo kan, tó máa gbé wọn dé inú àwo kejì, tó sì máa jọ̀wọ́ gbogbo wọn pátá bí ẹ bá ti paná. Bátìrì oní-1.5 V kan ṣoṣo ni ẹ ní. Iná kò gbọ́dọ̀ wà lórí ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Àdéhùn iṣẹ́ náà nìyẹn.

Àwọn tó bá kọ́kọ́ so tiwọn tán lè má rí pínnì kan gbé. Wọ́n á yí bátìrì sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á ní kí ẹ fún àwọn ní òmíràn. Kò sóhun tó ṣe bátìrì. Wáyà bàbà yẹn ní ọ̀dà tín-ín-rín lára tí ojú kì í tètè rí, wọn ò sì fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ gbé mítà lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n fi wá ibi tí iná ti já. Bí ìyẹn bá yanjú, ẹgbẹ́ kan á ní káwọn wé wáyà sí i. Wọ́n á wé e, wọ́n á tún wé e, agbára rẹ̀ á lọ sókè, nígbà tó bá yá kò ní lọ mọ́. Olùkọ́ tó ti ń kọ “bí wáyà bá ṣe pọ̀ tó” sójú pátákó láti ọjọ́ pípẹ́ á dákẹ́, á máa wo ìṣó. Wáyà tó gùn sí i ń dí iná lọ́wọ́ sí i, ohun tó ń jèrè níbi tó ti ń yí po ló ń pàdánù nínú iná tó ń kọjá. Òfin Ohm, tó sọ pé bí wáyà bá ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó ni iná tó ń kọjá ṣe ń dín kù tó, wà ní orí mìíràn nínú ìwé, àmọ́ òun àti òòfà ti pàdé lórí tábìlì kan náà.

Ìgbà tó bá di pé kó jọ̀wọ́ pínnì ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Wọ́n á paná, pínnì bíi mélòó kan á ṣì rọ̀ mọ́ ìṣó. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n. Mo máa ń ní rárá o, gbígbọ̀n ò sí nínú àdéhùn. Ọ̀rọ̀ á wá di ti irin fúnra rẹ̀. Ìṣó kọnkéré, tí wọ́n ti mú le koko, máa ń di agbára òòfà mú lẹ́yìn tí iná ti kú ju irin tó rọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti kó oríṣi ìṣó àti bóòtù bíi mẹ́ta sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ẹ máa rí i tí wọ́n á máa pààrọ̀ wọn, tí wọ́n á máa ka pínnì tó kù, tí wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré nínú àdéhùn, pé kó jọ̀wọ́ wọn, ló bí gbogbo ìyẹn. Bí a ṣe ń yan àdéhùn tó máa fa sáyẹ́ǹsì jáde, òun ló ṣòro jù fún olùkọ́, òun náà sì ni kì í sí nínú ìwé tí wọ́n ń pín fún wọn.

(Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kankan, títí kan ti fóònù, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí. Ó lè gbiná bí wáyà bá so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Kódà èyí oní-1.5 V máa ń gbóná bí iná bá pẹ́ lórí, ìdí nìyẹn tí mo fi fi àáyá mẹ́wàá sí i.)

Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ sọ lójú ọ̀gá wọn: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ á béèrè ohun tí àwọn ò mọ̀. Tíṣà báọ́lọ́jì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó ni mo ti rí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó di wáyà mú níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣírí kì í lé irú ẹ̀rù yẹn lọ. Ohun tí mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe ìdánrawò ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹnì kan á ṣe bí ọmọ iléèwé, á ní, “Tíṣà, kí ló dé tí tiwa ò ṣiṣẹ́?” Ẹnì kejì kò gbọ́dọ̀ fún un ní ìdáhùn. Á ní, “Kí la lè wọ̀n tó máa jẹ́ ká mọ̀?” Tàbí, “Nǹkan kan ṣoṣo wo lẹ fẹ́ yí padà, kí lẹ sì rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?” Ó máa ń kọ́kọ́ nira fún wọn, torí ó ti mọ́ olùkọ́ lára pé òun ló ń dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é títí tí kò fi ní ti ẹnu wọn jáde tipátipá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí máàkì náà lọ síbi tó yẹ. Ìwé tí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ sí ni kí wọ́n fún ní máàkì, kì í ṣe ohun tó gbé wá: àwòrán àkọ́kọ́, ohun tí ìdánwò fi hàn, ohun tó yí padà, ìdí tó fi yí i. Bí máàkì bá wà lórí ẹwà iṣẹ́, àwọn òbí ló máa ṣe é nílé.

Ní ti ọjọ́ méjì yín, kò tó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó tó. Lọ́dún 2007, Kwang Suk Yoon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí tó lé ní 1,300 wò lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Mẹ́sàn-án péré ló kúnjú ìwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀. Nínú wọn, àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò ju wákàtí 14 lọ kò fi ipa gidi kan hàn lára ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ló fi hàn. Ẹ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ kó jẹ́ kí ọjọ́ méjèèjì má tẹ̀ léra. Ọjọ́ kan nísinsìnyí, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lọ gbìyànjú ẹ̀kọ́ kan ní kíláàsì, kí ẹ wá fi ọjọ́ kejì tú ohun tó ṣẹlẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa pàdé fún wákàtí kan-kan jálẹ̀ táàmù. Ẹ lè yá ọgbọ́n àwọn olùkọ́ ní Japan lò, èyí tí wọ́n ń pè ní lesson study: olùkọ́ mélòó kan á jọ ṣètò ẹ̀kọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ, àwọn yòókù á jókòó, àwọn ọmọ ni wọ́n á máa wò, kì í ṣe olùkọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ tún ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣe. Ẹ rí i pé olùkọ́ pàápàá ti ń ṣe ìgbà kejì nìyẹn.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wọlé nígbà tí ojú àti ọwọ́ ò bá lè wọn nǹkan mọ́. Kíka pínnì dáa, àmọ́ ó ń yí padà bí wọ́n bá ṣe ki ìṣó bọ àwo. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára òòfà, ápùù phyphox, tí yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe, sì ń fi iye rẹ̀ hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n fi rúlà gbé fóònù sí ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n má sún un mọ́ òòfà jù, kí wọ́n sì kọ iye tó wà níbẹ̀ kí iná tó wọlé, torí ayé fúnra rẹ̀ ní agbára òòfà tirẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí kò tún ní rò pé fífi fídíò han àwọn ọmọ ni mímú ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ kíláàsì.

Ó wá ku owó yín. Ẹ ra wáyà, bátìrì, ìṣó oríṣiríṣi, súwíìṣì, tẹmómítà, àti mítà tó máa kárí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ tó kí ẹnikẹ́ni má máa bẹ̀rù láti ba nǹkan jẹ́. Ẹ ya èyí tó tóbi jù nínú owó náà sọ́tọ̀ fún ẹni tó máa di kíláàsì mú nígbà tí olùkọ́ kan bá lọ wo òmíràn. Bí nǹkan bá kù, micro:bit, kọ̀ǹpútà kékeré tí ọmọ lè kọ ètò sí, wúlò ju róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ti tò tán lọ, torí ó ní sẹ́ńsọ̀ ooru, ti ìṣípòpadà àti ti òòfà lára, ọmọ sì lè fi ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbèrò. Bí wọ́n bá ti ra róbọ́ọ̀tì kalẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ tọ́jú rẹ̀ di táàmù kejì. Ẹ kọ kókó ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ yín máa kọ́ ní táàmù tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wo àwọn tó gba irú àdéhùn ti òòfà yẹn.