Kí ni ìtumọ̀ ‘dolichol’, kí sì ni ká pè é ní Yorùbá?

Àbúrò kan tó ń kọ́ bayokẹ́mísírì ní yunifásítì fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ wa sọ pé dolichol ló ń gbé ṣúgà fún glycoprotein, ìyẹn pùròtéènì tó ní ṣúgà lára. Mo ti há a sórí, mo sì ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, àmọ́ mi ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi, kí ni kí n pè é?”

Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, pàápàá ìparí rẹ̀.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Dolikhós ni wọ́n ń pe ohun tó bá gùn. Eré ìje ọlọ́nà jíjìn tí wọ́n ń sá ní Òlíńpíà láyé àtijọ́, dólikhos ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ti kan oúnjẹ wa rí: nígbà tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, ń sọ àwọn ewéko lórúkọ lọ́dún 1753, Dolichos unguiculatus ló pe ẹ̀wà tí a ń lọ̀ ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, kí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tó kó o lọ sí agbolé Vigna. Ní ti “-ol” tó gbẹ̀yìn dolichol, àmì ìdílé ni. Ó ń sọ pé inú ẹbí álíkóhọ́ọ̀lù ló wà, òun àti ethanol inú ẹmu.

Yunifásítì Liverpool ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dún 1960, J. F. Pennock, F. W. Hemming àti R. A. Morton kéde ohun ọlọ́ràá kan tí wọ́n rí nínú ara ẹranko. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni gígùn rẹ̀. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, kábọ́ọ̀nù 16 tàbí 18 ló máa ń tò tẹ̀ léra. Dolichol ara ènìyàn a máa ní bíi 95, òmíràn 100. Wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń pe ọmọ ní Dàda nítorí irun tó bá wáyé, tí a ń pè é ní Ìgè nítorí pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Orúkọ àmútọ̀runwá ni dolichol. Ó sọ bó ṣe wáyé fún wa, kò sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn sí gbangba ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Buenos Aires, lórílẹ̀-èdè Ajẹntínà. Lọ́dún 1970, Nicolás Behrens àti Luis Leloir fi hàn pé nínú ẹ̀dọ̀, glucose a máa kọ́kọ́ gun orí ọ̀rá kan kó tó dé ibi tó ń lọ, dolichol tó ní fọ́sífeètì (ẹyọ kẹ́míkà kékeré kan tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú) lórí sì ni ọ̀rá náà. Ọdún yẹn gan-an ni Leloir gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti ṣe ṣáájú lórí bí ara ṣe ń lo ṣúgà ni wọ́n fi fún un, kì í ṣe ti dolichol.

Jẹ́ ká wá dé ọjà, torí ibẹ̀ ló máa yé màmá jù. O ti rí alábàárù tó ń tẹ̀ lé oníbàárà káàkiri. Wọ́n ra iṣu níbí, wọ́n gbé e lé e lórí. Wọ́n ra ata lọ́hùn-ún, wọ́n kó o lé e. Epo, ẹja, gbogbo rẹ̀ ń lọ sórí ẹnì kan náà. Ìgbà tó bá dé ìdí ọkọ̀ ni wọ́n á sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun á mú òṣùká rẹ̀, á padà sínú ọjà lọ wá ẹrù mìíràn.

Dolichol gan-an nìyẹn. Òṣùká rẹ̀ ni fọ́sífeètì: láìsí i, dolichol lásán kò lè gbé ṣúgà kankan. Ara awọ endoplasmic reticulum (yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ pùròtéènì) ló ń gbé, gígùn rẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ sì ni ìrù tó fi rì mọ́ inú ọ̀rá awọ náà, nígbà tí orí rẹ̀ tó ru ẹrù yọ síta. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lẹ ṣúgà mọ́ pùròtéènì. Fún irú ẹrù yìí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orí dolichol ni wọ́n ti ń di ẹrù náà tán pátápátá: N-acetylglucosamine 2, mannose 9, glucose 3, àpapọ̀ ṣúgà 14. Méje àkọ́kọ́ ń gorí rẹ̀ níhà òde awọ. Lẹ́yìn náà ni ẹrù àti òṣùká á yí padà kọjá sínú, èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu di òní, torí pé ṣúgà kì í fẹ́ la inú ọ̀rá kọjá. Nínú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń fi méje yòókù kún un, dolichol mìíràn tó ń ru ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń kó àwọn wọ̀nyí wá. Irú àwọn kéékèèké yìí, èyí tó ru glucose, ni Behrens àti Leloir kọ́kọ́ rí.

Ìdí ọkọ̀ ni pùròtéènì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀. Ẹ́ńsáímù kan ń ṣọ́ ọ, ó ń wá asparagine tí serine tàbí threonine wà ní ipò kẹta sí i, tí ohun tó wà láàárín wọn kì í sì í ṣe proline (amino acid, ìyẹn àwọn ẹyọ tí wọ́n fi ń to pùròtéènì, ni gbogbo wọn). Bó bá ti rí i, gbogbo ṣúgà 14 náà á bọ́ sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà. Pùròtéènì ti di glycoprotein, irú èyí tó pọ̀ nínú funfun ẹyin àti nínú àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà. Dolichol á bọ́ ọ̀kan sílẹ̀ nínú fọ́sífeètì méjì tó kù lórí rẹ̀ (ṣúgà àkọ́kọ́ ló mú èkejì wá), á sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Glucose mẹ́ta yẹn kò wà níbẹ̀ lásán. Wọ́n á gé méjì kúrò, ẹyọ kan tó kù á sì dà bí àmì lára ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá gé e kúrò tí pùròtéènì kò sì tíì ká jọ sí ìrísí tó yẹ kó ní, ẹ́ńsáímù kan á tún fi glucose mìíràn lé e, á ní kó padà lọ ká jọ dáadáa. Armando Parodi, tó bá Leloir ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tó là á yé wa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹrù burú. Lọ́dún 1971, wọ́n rí oògùn kan ní Jàpáànù tó ń dá ẹrù dúró láti orí ṣúgà àkọ́kọ́. Tunicamycin ni wọ́n pè é, láti inú tunica, ẹ̀wù lédè Látìnì. Májèlé ni, yàrá ìwádìí nìkan la ti ń lò ó. Àwọn ọmọ kan tún wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú iṣẹ́ ẹrù ṣúgà yìí. Jaak Jaeken ní Bẹ́ljíọ̀m ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ lọ́dún 1980, nípa àwọn ìbejì obìnrin méjì. Ní èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn náà, alábàárù wà níbẹ̀, mannose tó yẹ kó gbé ni kò tó, ọpọlọ àti ẹ̀yà ara púpọ̀ sì ń jìyà rẹ̀.

Fún màmá rẹ, “ọ̀rá alábàárù ṣúgà” ni kí o pè é. Má ṣe sọ pé “ọ̀rá gígùn”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe gígùn rẹ̀: bakitéríà ní alábàárù tiwọn, undecaprenol, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju 55 lọ, tó sì ń ru àwọn ohun tí wọ́n fi ń mọ ògiri ara wọn. Bí màmá bá ti fi ìpara tó ní bacitracin sí ojú egbò rí, ó ti bá a pàdé: ńṣe ni oògùn yẹn ń di alábàárù bakitéríà mú lẹ́yìn tó bá ti sọ ẹrù tán, kó má baà lè padà lọ gbé òmíràn.