Èdè Tí Mò Ń Dá Sílẹ̀ Ń Jọ Ẹ̀nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Mò ń kọ ìtàn kan nípa àwọn kan tí wọ́n ń gbé orí odò, mo sì fẹ́ kí wọ́n ní èdè tiwọn. Mo ti kó ọ̀rọ̀ 60 jọ: omi ni "imò", ilé ni "elì", iná ni "àní". Nígbà tí mo kà á sí màmá mi létí, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, wọ́n ní ẹ̀nà ni mò ń sọ. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, màmá rẹ ò purọ́. Àwa tá a fi ẹ̀nà ṣeré nígbà èwe mọ̀ ọ́n dáadáa: o mú "mo fẹ́ lọ", o ń fi g bọ inú sílébù kọ̀ọ̀kan, ó di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Àlejò lè má gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ṣì ni. "Àní" tí o pè ní iná yẹn ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń jiyàn ní Ẹrẹ̀jà ló ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Wo àwọn ọ̀rọ̀ rẹ. Gbogbo wọn ló fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tún fi fáwẹ̀lì parí, bíi ilé, omi, ọwọ́, ẹsẹ̀. Ìrísí yìí ni etí màmá rẹ kọ́kọ́ gbá mú. Ohun tí èdè kan kò gbà la fi ń dá a mọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà kí "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ní kí ẹ sọ "ulé", a ti mọ ibi tí ẹ ti wá. Kò gbà kí kóńsónáǹtì méjì lẹ̀ mọ́ra: kò sí fáwẹ̀lì kankan láàárín b àti r nínú búrẹ́dì lẹ́nu Òyìnbó, àwa la fi u sí i.

Nítorí náà, kí o tó dá ọ̀rọ̀ mìíràn, kọ òfin sílẹ̀. Ká ní èmi ni, mà á fún wọn ní kóńsónáǹtì 10: t, k, m, n, s, h, l, r, w, y, àti fáwẹ̀lì 4: a, e, i, u. Kò sí gb, kò sí p, kò sí ọ. Kóńsónáǹtì ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Sílébù lè parí sí fáwẹ̀lì tàbí sí n tí ahọ́n pè jáde ketekete, kì í ṣe èyí tó kàn ń gba imú bíi tiwa. Kò sí ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Ó kéré lójú, àbí? Sílébù 80 nìyẹn, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì nìkan sì lè tó 6,400. Toki Pona, èdè àtọwọ́dá tí Sonja Lang gbé jáde ní 2001, kò ju lẹ́tà 14 àti nǹkan bí ọ̀rọ̀ 120 lọ, àwọn èèyàn sì ń fi tàkúrọ̀sọ.

Má ṣa ìró líle jọ torí kí èdè náà lè ṣàjèjì. Marc Okrand mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Klingon, èdè tó dá fún fíìmù Star Trek, ó kó ìró tí kì í sábà pàdé nínú èdè kan pọ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn òṣèré bí wọ́n ṣe máa pè é. Ta ló máa kọ́ òǹkàwé tìrẹ?

Fi orúkọ dán òfin náà wò. Báwo ni wọ́n á ṣe pe Ọ̀ṣun? Kò sí ọ, kò sí ṣ, kóńsónáǹtì sì gbọ́dọ̀ ṣáájú: Hasun. Iléṣà á di Yilesa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fúnra wọn, ibẹ̀ gan-an lo ti ṣìnà jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níbí ní Ifẹ̀ náà kì í gbẹ́yìn: wọ́n á to ọ̀rọ̀ Yorùbá sápá òsì, wọ́n á máa wá ìró tuntun fún un lápá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀, èdè méjì kì í gé ayé bákan náà. À ń gbọ́ ariwo, à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ Faransé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Òyìnbó ń lò fún wọn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tiwa, ọjọ́ orí ni wọ́n ń sọ. Tiwọn ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Jókòó ti àwọn ará odò rẹ, kí o wo bí wọ́n ṣe ń gbé. Odò ni títì wọn, kí ló dé tí "mirun" kò fi ní jẹ́ odò, kó tún jẹ́ ọ̀nà? Jẹ́ kí "tun" túmọ̀ sí kí á so ọkọ̀ mọ́ èèkàn. Fi "sa" ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi dárúkọ ibi tí a ti ń ṣe nǹkan, bí àwa náà ṣe ní ibùsùn àti ibùjókòó. "Satun", ibi tí a ń so ọkọ̀ sí: ilé wọn nìyẹn.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ 30 bíi "tun" àti àfòmọ́ mẹ́ta bíi "sa" ti tó o fún orí àkọ́kọ́. Zamenhof tó dá èdè Esperanto sílẹ̀ náà kò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde nígbà tó tẹ ìwé Esperanto àkọ́kọ́ ní 1887. Gbòǹgbò bíi 900 ni, ó wá ń fi "mal" yí wọn sódì. "Sana" ni ẹni tí ara rẹ̀ le, "malsana" ni ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, torí bí a ṣe ṣe àìsàn tiwa gẹ́lẹ́ nìyẹn: àì, sàn.

Tún 20 dá láàárọ̀ ọ̀la, kí o kà á sí màmá rẹ létí, má sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí o tún un pè kí àwọn náà gbìyànjú ẹ̀, máa bá a lọ.