Ẹ Fi Èso Ṣe Yìnyín Yín: Ìdáhùn Mi Lórí Wáìnì Dídì

Láti ìgbà tí ooru ti mú, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà nípa wáìnì dídì eléso kì í wọlé sí ojú ewé yìí. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mi ò lè tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣa àwọn tí ìbéèrè wọn kó ti àwọn mìíràn mọ́ra. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí pé tí ẹ bá ti gbọ́ èyí yé, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwọn ọ̀rẹ́ wa mẹ́fà wá kí wa lọ́jọ́ ìsinmi, mo sì fẹ́ fún wọn ní wáìnì eléso tó dì bí áísìkiriìmù. Mo da wáìnì, strawberry tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ àti yìnyín ife méjì sínú bílẹ́ńdà, mo lọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ dára, àmọ́ kí a tó jókòó tán ó ti di omi, kò sì ní adùn kankan mọ́. Ojú tì mí gan-an. Níbo ni mo ti ṣì í? (Ẹni tí ojú tì níwájú àlejò)

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, àbúrò mi. Ẹ ò ṣàṣìṣe níbi wáìnì, ẹ ò sì ṣàṣìṣe níbi èso. Yìnyín ló da gbogbo rẹ̀ rú. Omi lásán ni yìnyín. Bó ṣe ń yọ́ ló ń la wáìnì yín. Ife méjì tí ẹ dà sí i yẹn, tó bá yọ́ tán, omi tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà ni. Wáìnì wo ló máa gba omi tó tó bẹ́ẹ̀ tó ṣì máa dùn?

Ní tèmi, yìnyín kì í wọ inú bílẹ́ńdà tí mo bá ń ṣe wáìnì dídì. Èso ni yìnyín mi. Èso tó ti dì á mú kí ohun mímu náà tutù, á mú kó ki, tó bá sì wá yọ́, omi èso ló máa yọ́ sínú rẹ̀.

Ìwọ̀n tí mò ń lò nìyí. Ìgò wáìnì kan, ìyẹn 750 mílílítà. Èso tó ti dì, 600 gíráàmù. Ẹ lè lo irú kan ṣoṣo, àmọ́ èmi a máa mú strawberry 400 gíráàmù àti máńgòrò 200, nítorí pé strawberry ló ń fún un ní àwọ̀ àti kíkan díẹ̀, máńgòrò ló sì ń jẹ́ kó ki, kó má ṣàn bí omi. Omi ṣúgà, ìyẹn ṣúgà tí a fi iná yọ́ sínú omi, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí méjì. Kò sí ohun mìíràn.

Bí ẹ ṣe máa di èso yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe máa lọ̀ ọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó èyí tó ní èèpo, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ gé e kéékèèké bí oríkèé àtàǹpàkò. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu omi ara rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí tìréè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí má fara kan ìyẹn, kí ẹ gbé e sínú fìrísà mọ́jú. Ìgbà tó bá ti le tán ni ẹ ó tó kó o sínú ọ̀rá. Tí ẹ bá kó èso tútù sínú ọ̀rá tààrà, ṣe ni gbogbo rẹ̀ máa lẹ̀ pọ̀ di òkúta kan, bílẹ́ńdà á sì kàn máa ké lórí rẹ̀ ni, kò ní lè gé e.

Wáìnì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó ti tutù dáadáa nínú fíríìjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ràn jù ni pé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa da ìdajì ìgò náà sínú àwo onílé wẹ́wẹ́ tí a fi ń di yìnyín, mo máa gbé e sínú fìrísà, mo sì máa fi ìdajì yòókù sínú fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, èyí tó wà nínú fíríìjì ló kọ́kọ́ ń wọ bílẹ́ńdà, torí pé abẹ ìsàlẹ̀ nílò ohun tó ṣàn kó tó lè yí. Omi ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wáìnì tó ti dì, kí èso wá kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ dà á sí i. Tí bílẹ́ńdà yín bá kéré, ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má kàn fi sílẹ̀ kó máa lọ̀ lọ, torí pé yíyí abẹ máa ń mú ooru wá, ooru yẹn ló sì máa yọ́ ohun tí ẹ ti fi òru kan dì.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́, ẹ ti kó ife sínú fìrísà fún ogún ìṣẹ́jú. Ife tó gbóná máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà, ọmọ yín ni mí. Mo gbé wáìnì tí mo pò mọ́ omi èso sínú fìrísà láti alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi wáìnì ṣì wà láàárín rẹ̀, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, omi lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti di òkúta. Ṣé fìrísà mi ti ń bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọmọ mi. Fìrísà rẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ tí o rí yẹn gan-an la sì ń wá.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Omi máa ń dì nígbà tí òtútù bá dé ìwọ̀n òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ojúlówó ọtí tó wà nínú wáìnì, tí wọ́n ń pè ní ethanol, kì í dì títí òtútù á fi lọ sí nǹkan bí 114 sí ìsàlẹ̀ òdo, fìrísà ilé kankan ò sì dé ibẹ̀. Wáìnì tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí 5 sí ìsàlẹ̀ òdo. Omi inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ di yìnyín wẹ́wẹ́. Bí omi ṣe ń kúrò nínú rẹ̀ báyìí, ọtí àti ṣúgà á máa pọ̀ sí i nínú èyí tó ṣẹ́ kù, ìyẹn á sì túbọ̀ ṣòro láti dì. Fìrísà ilé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wà ní 18 sí ìsàlẹ̀ òdo, ó tó láti mú wáìnì ki, kò tó láti sọ ọ́ di òkúta.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ni pé bí o bá da ọtí líle mìíràn sí i kí ó lè “lágbára,” kò ní dì dáadáa. Bí o bá sì fi omi tàbí omi èso là á jù, á le gbagidi. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ṣe gan-an ni Mariano Martinez, ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ní Dallas, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1971, ó yí ẹ̀rọ áísìkiriìmù padà, ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń ṣe margarita dídì, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n pò mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ yẹn wà ní ilé àkójọ ohun ìtàn ti Smithsonian ní Washington lónìí. Omi, ṣúgà àti ọtí ló gbọ́dọ̀ bára mu nínú ẹ̀rọ náà, àwọn náà ló sì gbọ́dọ̀ bára mu nínú àwo tìrẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè gbé odindi ìgò wáìnì sínú fìrísà kó lè yá? Ọkọ mi ní kò séwu.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín kí wọ́n má dán an wò. Èmi náà ti ṣe é rí. Àlejò ń bọ̀, wáìnì ò tíì tutù, mo gbé ìgò náà sínú fìrísà pé ìdajì wákàtí péré ni. Ọ̀rọ̀ wọ ọ̀rọ̀, mo gbàgbé rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ìdérí ìgò ti yọ jáde, ìgò ti là láti ọrùn dé ìdí, èérún gíláàsì sì ti wọ inú gbogbo èso tí mo ti gé sílẹ̀ lórí tìréè. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù. Ó dùn mí, torí pé máńgòrò yẹn dùn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gé e.

Omi tó bá dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgò kì í sì í wú. Ti wáìnì tó ń hó tún léwu jù, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n tì pa mọ́ inú rẹ̀: nínú ìgò champagne, ipá afẹ́fẹ́ náà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó lè bú gbàmù. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ bu yìnyín àti omi sínú ike ńlá, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì sí i, ẹ ri ìgò náà bọ̀ ọ́ dé ọrùn. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti tutù. Ìgò tó bá sì ti là, ẹ má sẹ́ wáìnì inú rẹ̀ kí ẹ mu ún. Ẹ dà á nù.

ÌBÉÈRÈ: Mi ò fẹ́ràn ṣúgà, mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ohun mímu náà wá kan, ó sì korò díẹ̀, bẹ́ẹ̀ wáìnì náà dùn nínú ìgò.

ÌDÁHÙN: Òtútù máa ń pa adùn lẹ́nu. Ohun tó dùn tó ní ìwọ̀nba kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ tó bá ti dì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣúgà ló ń bá wa dí yìnyín lọ́wọ́ kó má di kókó ńláńlá. Nítorí náà, ẹ dín in kù, ẹ má yọ ọ́ tán. Ṣíbí méjì tó fún yín, kí ẹ sì lo èso tó pọ́n dáadáa. Mo máa ń jẹ́ kí máńgòrò pọ́n títí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé kí n tó gé e.

Ẹ má da ṣúgà gbígbẹ sínú wáìnì tútù, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí. Ṣúgà ife kan sí omi ife kan, ẹ gbé e kaná títí ṣúgà á fi yọ́, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Oyin náà dára. Àmọ́ tó bá jẹ́ àìsàn àtọ̀gbẹ ló mú kí ẹ sá fún ṣúgà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ìdáná: ọtí fúnra rẹ̀ lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù fún ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wáìnì pupa ńkọ́? Òun nìkan ni mo ní nílé.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó fúyẹ́. Ohun tó máa ń gbẹ ahọ́n nínú wáìnì pupa tó wúwo máa ń korò sí i tó bá tutù. Èyí tó funfun tàbí rosé, ìyẹn èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ló rọrùn jù. Kò sì nílò kó jẹ́ wáìnì tó wọ́n, torí òtútù máa bo òórùn dídára tí ẹ torí rẹ̀ rà á. Èyí tó ti kan bí ọtí kíkan, ẹ má lò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, inú ilé wa ni aboyún, ọmọdé àti ẹni tó máa wa ọkọ̀ padà sílé. Báwo ni kí n ṣe é tí gbogbo wọn á fi rí nǹkan mu?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dídì ti lé ọtí jáde. Kò lé e lọ síbì kankan. Ìgò 750 mílílítà tó ní ìdá 12, ojúlówó ọtí 90 mílílítà ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí ife mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 15, bí ìgbà tí èèyàn mu ife wáìnì kan tí kò kún. Adùn àti òtútù ló ń bò ó mọ́lẹ̀, tí ẹnu fi ń yára mu ún. Aboyún, ọmọdé àti awakọ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ fi omi èso àjàrà rọ́pò wáìnì fún wọn. Nítorí pé kò sí ọtí nínú rẹ̀, òkúta ló máa dì, torí náà ẹ dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ máa fi fọ́ọ̀kì ha á ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí á fi rí bí iyọ̀. Tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, kí bílẹ́ńdà tó kan wáìnì, kí ẹ sì bù ú sínú ife tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí ọwọ́ ọmọdé má lọ ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ: Ó ṣẹ́ kù. Ṣé mo lè dì í padà?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bù ú sínú ike tó ní ìdérí, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, torí á wú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi fọ́ọ̀kì tú u, ẹ tún fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i.